Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Kókó Aago Àtijọ́ Tó Dẹ̀

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó wà níwájú wa lónìí dá lórí aago ọwọ́ àtijọ́ tí kì í lo bátìrì, ẹjọ́ kan náà ni gbogbo wọn sì ń rò: kókó tí a fi ń wáìǹdì rẹ̀ kò dúró mọ́. "Ó ti dẹ̀" ni gbogbo yín ń pè é. Àìsàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, oògùn ọ̀kan sì lè sọ èkejì di aláìlètúnṣe. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀yìn aago, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí kókó náà ń ṣe gan-an. Ṣé òun nìkan ló ń yí kúrò lórí ọ̀pá rẹ̀, ìyẹn irin tín-ín-rín tó so ó mọ́ inú aago? Ṣé tòun tọ̀pá ló ń jáde? Ṣé ó kàn ń mì sókè sódò? Àbí ó dúró dáadáa, àmọ́ ó ń yọ̀ tí ẹ bá ń wáìǹdì? Ibi tó bá ti ń mì ni kí ẹ ti wá ìdí rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Tí mo bá ń wáìǹdì aago tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, kò sí ìyọnu. Ṣùgbọ́n tí mo bá fa kókó rẹ̀ síta láti tún àkókò ṣe, tí mo sì yí i sósì, kókó náà á bọ́ sí mi lọ́wọ́, ọ̀pá á sì ṣẹ́kù sínú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fi súpà gúlúù lẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló tún bọ́.

Ẹ ti tú àṣírí rẹ̀ fúnra yín. Inú kókó ní tírẹ́ẹ̀dì (ìlà yíyípo bíi ti ara sukúrù), orí ọ̀pá náà sì ní tírẹ́ẹ̀dì. Bí a bá yí i sọ́tùn-ún, ó ń fún mọ́ra. Bí a bá yí i sósì, ó ń tú. Nígbà tí ẹ bá ń wáìǹdì, ọ̀tún ni agbára wà; tí ẹ bá dá ọwọ́ padà sósì, eyín jíà inú rẹ̀ kàn ń fò lórí ara wọn, kò sí ohun tó di ọ̀pá mú tó lè mú kó tú. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fà á síta, ọwọ́ aago ni ọ̀pá ń wọ́ káàkiri, ọwọ́ aago sì ní ìwúwo tirẹ̀. Bí kókó kò bá ti le lórí tírẹ́ẹ̀dì, yíyí sósì kan ti tó láti tú u.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti súpà gúlúù lákọ̀ọ́kọ́, nítorí pé òun ló ń ba aago jẹ́ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bó ṣe ń gbẹ, èéfín rẹ̀ máa ń fi nǹkan funfun bí ẹfun lé inú gíláàsì àti ojú aago. Tó bá gbẹ tán, ó le ṣùgbọ́n kò lágbára: ìgbà kan tí kókó bá kọ lu nǹkan, ó fọ́. Ohun tó ń yọ ọ́, ìyẹn asitóònù tí a fi ń pa kùn èékánná rẹ́, sì máa ń yọ́ gíláàsì oníke tó wà lórí ọ̀pọ̀ aago àtijọ́, ó sì ń ká àwọ̀ ojú aago. Ẹ má ṣe é mọ́.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe rèé. Ẹ yọ ọ̀pá kúrò nínú aago (ìdáhùn tó tẹ̀lé èyí ṣàlàyé bí a ṣe ń yọ ọ́), kí gbogbo iṣẹ́ tó kù jẹ́ orí tábìlì, jìnnà sí ẹ́ńjìnnì, ìyẹn àwọn jíà àti sípíríǹgì inú aago. Ẹ fi abẹ́rẹ́ ha gúlúù àtijọ́ kúrò nínú tírẹ́ẹ̀dì méjèèjì díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá jáde, ẹ yọ rọ́bà kékeré inú kókó kúrò kí ẹ tó rẹ kókó nìkan sínú asitóònù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọtí ìpawọ́ tó le dáadáa, èyí tó jẹ́ ìdá 99 nínú 100, fọ tírẹ́ẹ̀dì méjèèjì, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n gbẹ. Òróró ìka ọwọ́ nìkan ti tó láti mú kí gúlúù kankan má lẹ̀.

Kí ẹ tó fi nǹkan kan sí i, ẹ yí kókó náà mọ́ ọ̀pá ní gbígbẹ, kí ẹ ka iye ìgbà tó yí. Ó yẹ kó yí ní ìgbà mẹ́ta pátápátá, ó kéré tán, kó tó dúró, kó sì dúró gírí. Bó bá ń mì lórí tírẹ́ẹ̀dì, tàbí tí ẹ fà á tó sì jáde láìyí i, tírẹ́ẹ̀dì ti jẹ tán nìyẹn. Irin ni ọ̀pá, idẹ tó rọ̀ sì ni inú ọ̀pọ̀ kókó, nítorí náà kókó ló sábà máa ń jẹ. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó tún un ṣe rí ló fi kókó tí kì í ṣe tirẹ̀ sí i: ìwọ̀n tírẹ́ẹ̀dì tó wọ́pọ̀ jù nínú aago Switzerland ni mílímítà 0.90, ti mílímítà 1.20 náà sì wà. Kókó 1.20 lórí ọ̀pá 0.90 kò ní di nǹkan kan mú, bí ẹ tiẹ̀ fi gúlúù kún inú rẹ̀ dẹ́nu.

Bí tírẹ́ẹ̀dì bá ṣì dára, ẹ lo gúlúù tírẹ́ẹ̀dì, irú èyí tí kì í gbẹ nínú afẹ́fẹ́ àfi tó bá wà láàárín irin méjì tó fún ara wọn. Aláwọ̀ àlùkò tí kò le jù, bíi Loctite 222, ni ó yẹ aago. Pupa ti le jù, ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́ lọ́jọ́ iwájú á ṣẹ́ ọ̀pá. Ẹ ti ẹnu abẹ́rẹ́ bọ gúlúù náà, kí ẹ fi kan tírẹ́ẹ̀dì ọ̀pá ní ibì kan ṣoṣo, ní nǹkan bí ìdajì mílímítà sí ẹnu rẹ̀. Ohun tó bá wà lẹ́nu abẹ́rẹ́ náà kò gbọdọ̀ ju orí pín-ìn-nì lọ. Ẹ yí kókó mọ́ ọn títí tó fi dúró, ẹ wo ìdí rẹ̀ pẹ̀lú awò tó ń mú nǹkan tóbi, kí ẹ nu èyí tó bá yọ síta kúrò kíá. Bí ó bá ṣàn lọ sí páìpù kékeré ara ilé aago tí ọ̀pá gbà wọlé, yóò lẹ kókó mọ́ páìpù. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24 kí ẹ tó dá a padà sínú aago.

Ìbéèrè: Tèmi, kókó àti ọ̀pá jọ jáde ni. Ẹnì kan ní kí n ṣí ẹ̀yìn aago, kí n tú sukúrù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọ̀pá gbà wọlé, kí n ti ọ̀pá padà, kí n sì dè é. Mo tú sukúrù náà títí ó fi dẹ̀ pátápátá. Ọ̀pá wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá fà á, ó tún ń jáde. Ṣé mo ti bà á jẹ́?

Ẹ ò bà á jẹ́, ẹ kàn fi kún iṣẹ́ ara yín ni. Ọ̀nà tí wọ́n júwe fún yín tọ̀nà. Iye ìgbà tí wọ́n fẹ́ kí ẹ yí i ni wọn ò sọ.

Lábẹ́ ojú aago, irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà tí a ó máa pè ní léfà níhìn-ín. Ó ní pín-ìn-nì kúkurú kan tó bọ́ sínú kòtò tí wọ́n gbẹ́ yí ara ọ̀pá ká. Pín-ìn-nì yìí ló ń di ọ̀pá mú kó má jáde. Sukúrù tí ẹ rí lẹ́yìn gba inú ẹ́ńjìnnì kọjá, ó sì di léfà mú láti òdìkejì. Tí ẹ bá tú u ní ìyí kan sí méjì, léfà á sún kúrò díẹ̀, pín-ìn-nì rẹ̀ á kúrò nínú kòtò, ọ̀pá á sì jáde ní ìrọ̀rùn. Ìyí kan sí méjì yẹn náà ni. Tí ẹ bá tú u kọjá bẹ́ẹ̀, sukúrù á bọ́ kúrò nínú léfà, léfà á sì jábọ́ sí ẹ̀yìn ojú aago, níbi tí ọwọ́ yín kò lè dé. Òun ló fi jẹ́ pé ọ̀pá wọlé tí kò sì dúró: kò sí ohun tó ń dì í mú mọ́.

Ohun kan wà tí ẹ lè gbìyànjú kí ẹ tó tú ojú aago. Ẹ ti ọ̀pá wọlé, ẹ da aago bolẹ̀ kí ojú rẹ̀ wà lókè, kí léfà lè fi ìwúwo ara rẹ̀ padà sórí àyè rẹ̀. Láti ìsàlẹ̀, ẹ fi súkúdíráfà ti sukúrù náà sókè jẹ́jẹ́, kí ẹ kọ́kọ́ yí i sósì títí ẹ ó fi gbọ́ "tíkì" kékeré, èyí tó fi hàn pé ẹnu tírẹ́ẹ̀dì méjèèjì ti pàdé, kí ẹ tó wá yí i sọ́tùn-ún. Nígbà mìíràn ó máa ń mú un. Bí ẹ bá ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹta tí kò mú un, ẹ jáwọ́. Fífi agbára yí i ń ba tírẹ́ẹ̀dì léfà jẹ́ ni. Ó di kí a yọ ọwọ́ aago àti ojú aago nìyẹn, ẹni tí kò bá sì ní ohun èlò tí a fi ń yọ ọwọ́ aago kí ó gbé e fún oníṣẹ́ aago, nítorí pé ọbẹ tí a fi gbé ọwọ́ aago ń fi àpá sójú aago títí láé.

Nígbà tí léfà bá ti dúró sáyè rẹ̀, ẹ fi gíríìsì aago kan ara ọ̀pá ní ibi méjì péré: apá rẹ̀ tó ní igun mẹ́rin, àti inú kòtò. Ẹ ti ọ̀pá wọlé, ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń wọ̀, títí igun mẹ́rin rẹ̀ á fi wọ ihò jíà tó ń gbà á. Ẹ ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́: á kọ́kọ́ kọ̀, lẹ́yìn náà á rì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ de sukúrù títí tó fi dúró, kí ẹ má fi agbára kún un. Ẹnu súkúdíráfà gbọ́dọ̀ kún ihò orí sukúrù dáadáa, mílímítà 1.0 tàbí 1.2 ló sábà máa ń bá a mu. Tó bá kéré ju ihò lọ, yóò yọ̀, yóò sì ya ẹ́ńjìnnì.

Bí sukúrù bá le, tí ọ̀pá tún ń jáde tí ẹ bá fà á dáadáa, ẹ wo kòtò ara ọ̀pá pẹ̀lú awò. Etí kòtò náà yẹ kó dúró ṣánṣán bí ẹ̀gbẹ́ àpótí. Bó bá ti jẹ di róbótó, ọ̀pá tuntun ni. Bí ọ̀pá bá dára, pín-ìn-nì léfà ló jẹ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe lo ọ̀nà yìí fún gbogbo aago. Nínú àwọn kan, bọ́tìnì kékeré ni wọ́n fi rọ́pò sukúrù. Títẹ̀ ni ẹ ó tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ bí ẹ ṣe ń fa ọ̀pá, ẹ kò ní tú nǹkan kan.

Ìbéèrè: Kókó tèmi kò yọ rí. Ó kàn ń mì sókè sódò ni. Ṣé kí n bẹ̀rù?

Mímì díẹ̀ kì í ṣe àrùn; ọ̀pá gbọ́dọ̀ ní àyè láti yí. Ṣùgbọ́n tí ìdí kókó bá ń kan ara ilé aago ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ wo nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, ẹ ṣí ẹ̀yìn, ẹ fi ìka rọra ti ẹ́ńjìnnì. Bí gbogbo rẹ̀ bá ń sún nínú ilé, sukúrù méjì tó dè é mọ́lé ló dẹ̀, tàbí òrùka tó yí i ká ni kò sí mọ́. Ẹ dè é, ó parí. Èkejì ni páìpù kékeré tí kókó wọ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún yíyí máa ń jẹ ẹ́ di ẹyin dípò róbótó. Pípààrọ̀ páìpù yẹn la fi ń tún un ṣe, iṣẹ́ oníṣẹ́ aago sì ni. Ẹ má fi í sílẹ̀ pẹ́, nítorí pé ọ̀pá tó ń tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún ní ojoojúmọ́ máa ń ṣẹ́ níbi tó ti tín-ín-rín jù, omi àti eruku sì ń gba àyè náà wọlé.

Ìbéèrè: Ọ̀pá ti ṣẹ́, ìdajì rẹ̀ sì há sínú kókó. Kókó náà ni èyí tí wọ́n ṣe aago náà pẹ̀lú rẹ̀, mi ò fẹ́ sọ ọ́ nù. Báwo ni mo ṣe lè yọ ọ́, báwo ni mo sì ṣe lè gé ọ̀pá tuntun kó gùn bó ṣe yẹ?

Ó yẹ kí ẹ tọ́jú kókó náà lóòótọ́. Iyì aago àtijọ́ ń dínkù tí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀. Bí ìwọ̀n ìdajì mílímítà bá yọ síta lára ọ̀pá, ẹ fi ẹnu irin ìjórin tó gbóná kan kókó fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí gúlúù àtijọ́ rọ̀, kí ẹ fi ẹ̀mú mú ọ̀pá, kí ẹ yí i sósì.

Bí kò bá yọ síta rárá, álọ́mù, èyí tí a fi ń mú omi tòrò, ni ẹ ó lò. Ẹ yọ rọ́bà inú kókó. Ẹ po álọ́mù mọ́ omi gbígbóná nínú ife gíláàsì títí tí kò fi ní yọ́ mọ́, ẹ ju kókó sínú rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó máa móoru. Álọ́mù ń jẹ irin, kì í jẹ idẹ tàbí wúrà. Ẹ ó rí àwọn ìfófòó kéékèèké tí yóò máa gòkè láti inú ihò, irin á dúdú, á sì máa wú bí ẹrẹ̀. Ó lè gba ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí irin bá wà nínú ohun tí wọ́n fi ṣe kókó náà, ẹ má gbìyànjú rẹ̀, yóò jẹ òun náà. Ọ̀pá irin tó há nìkan ló yẹ kí álọ́mù rí.

Ní ti ọ̀pá tuntun, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ni ẹ fi ń rà á, kì í ṣe orúkọ tó wà lójú aago. Nọ́ńbà náà sábà máa ń wà lábẹ́ wíìlì tó ń mì síwá sẹ́yìn, tàbí lábẹ́ ojú aago. Ọ̀pá tuntun máa ń gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ ó gé e. Ẹ yí kókó mọ́ ọn dé ìsàlẹ̀, ẹ ti ọ̀pá wọ aago, ẹ dè é, kí ẹ tì í títí tí kò fi lè wọlé mọ́. Ẹ wá wọn àlàfo tó wà láàárín kókó àti ilé aago. Ká sọ pé ó jẹ́ mílímítà 3.4. Àlàfo tí ẹ fẹ́ kó kù jẹ́ nǹkan bí 0.2, kí kókó lè yí láìha ilé. Mílímítà 3.2 ló gbọ́dọ̀ lọ. Ẹ má gé 3.2! Ẹ gé 2.8, kí ẹ fi fáìlì yọ 0.4 tó kù ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ẹ máa dán an wò nínú aago lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá gùn, ẹ lè yọ níbẹ̀. Èyí tó bá kúrú, ọ̀pá mìíràn ni. Nígbà tí ẹ bá ń gé e, ẹ fi aṣọ bo ẹnu rẹ̀, nítorí pé èyí tó ṣẹ́ máa ń ta, ó sì lè wọ ojú. Lẹ́yìn fáìlì, ẹ ha etí ẹnu ọ̀pá yíká kó rọ́. Tírẹ́ẹ̀dì tó ní etí gbọ̀ngbọ̀n máa ń wọ kókó ní ìdàkúdà, yóò sì ba tírẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀ jẹ́.

Ìbéèrè: Aago mi kò ní ẹ̀yìn tó ń ṣí. Mo wá ibi tí mo ti lè rí sukúrù, kò sí. Kókó rẹ̀ sì ń jáde nígbàkúùgbà tí mo bá fà á láti tún àkókò ṣe.

Ilé ẹyọ kan ni aago yín. Iwájú, níbi gíláàsì, ni ẹ́ńjìnnì ń gbà jáde. Nínú irú aago báyìí, ọ̀pá máa ń jẹ́ méjì: ìdajì kan wà nínú ẹ́ńjìnnì, ìdajì kejì wà lára kókó, ẹnu wọn sì ń há mọ́ra bí ìkọ́ àti ojú ìkọ́. Fífà gírí kan ní gbọọrọ ló ń yọ kókó, kì í ṣe yíyí. Èyí túmọ̀ sí pé kókó tó ń jáde kì í ṣe ohun tó ṣẹ́, ẹnu ìdajì tó ní ojú ló ti là ju bó ṣe yẹ lọ. A lè fi ẹ̀mú tẹ̀ ẹ́ pọ̀ díẹ̀, lẹ́ẹ̀kan péré. Bí ó bá tún là, kí a pààrọ̀ ìdajì méjèèjì pọ̀. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ẹ lẹ ẹnu méjèèjì mọ́ra. Tí wọ́n bá ti lẹ̀, kókó kò ní jáde mọ́, ẹ́ńjìnnì kò sì ní lè jáde nínú ilé títí a ó fi gé ọ̀pá.

Ìbéèrè: Kókó mi dúró gírí, ṣùgbọ́n tí mo bá ń wáìǹdì, ó ń dún "kìrì-kìrì", ó sì ń yọ̀.

Jíà méjì tó wà lórí ọ̀pá ló ń fo ara wọn. Eyín wọn dà bí eyín ayùn, ẹ̀gbẹ́ kan dúró, ẹ̀gbẹ́ kejì dà sílẹ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ tó dúró bá ti jẹ, tàbí sípíríǹgì tó ń tì wọ́n mọ́ra bá rọ̀, wọ́n á máa yọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wò bóyá kókó wọlé tán; ọ̀pá tó kúrú díẹ̀ jù lè fi wọ́n sílẹ̀ láìpàdé. Bí kókó bá ń yí padà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti wáìǹdì, ìyẹn yàtọ̀: ìkọ́ tó ń di jíà sípíríǹgì mú ló ti ṣẹ́ tàbí dẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ tú jíà wọ̀nyí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú agbára sípíríǹgì ńlá sílẹ̀. Ẹ fi ìka méjì di kókó mú, ẹ wáìǹdì díẹ̀ kí ìkọ́ náà dẹ̀, ẹ fi igi ṣóńṣó gbé ìkọ́ kúrò, kí ẹ wá jẹ́ kí kókó máa yọ̀ láàárín ìka yín díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dúró. Bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ yín lójijì, ó lè ká eyín jíà. Ohun mìíràn: nínú ọ̀pọ̀ aago, sukúrù tó di ọ̀kan nínú jíà ńlá méjì tó wà lókè mú ń tú sọ́tùn-ún ni, òdìkejì ti gbogbo yòókù. Wọ́n sábà máa ń fi ìlà mẹ́ta sí orí rẹ̀ láti kìlọ̀. Bó bá kọ̀ láti tú sósì, ẹ dúró kí ẹ wo orí rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó fi agbára kún un.

Ìbéèrè: Ọwọ́ aago mi ní ọ̀dà tó ti pọ́n, tí kì í tàn lókùnkùn mọ́. Ṣé mo lè ha á kúrò nígbà tí mo bá yọ ojú aago?

Rárá o. Ní aago tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1960 sí 1970, ọ̀dà bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ rédíọ́ọ̀mù, èròjà kan tó ń tú ìtànṣán tó léwu jáde. Ohun tó ń mú un tàn ti kú, ṣùgbọ́n rédíọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ gba ọdún 1600 kí ìdajì rẹ̀ tó pòórá. Ìtànṣán rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Eruku rẹ̀ tí a bá fà símú ló léwu jù, nítorí náà ẹ má ha á, ẹ má fẹ́ atẹ́gùn sí i, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a. Bí ó bá ti ń rún, ẹ pa ẹ̀yìn aago dé, kí ẹ gbé e fún oníṣẹ́ aago tó mọ̀ nípa rédíọ́ọ̀mù, kí ẹ sì sọ fún un kó tó ṣí i.